Oríta Mẹ́ta Lórí Òpó Iná

Iná dé. Àwọn ọmọdé figbe ta ní òpópónà kan ní Ìbẹfún, “Úùpù NẸ́PÀ!”, ṣùgbọ́n ariwo náà kò dé ìdajì àdúgbò. Lápá ọ̀tún, gílóòbù ti tàn, fáànù ti ń yí, ẹnìkan ti ń wá ṣájà fóònù kiri inú ilé. Lápá òsì, òkùnkùn biribiri. Òpó kan náà ló ń fún apá méjèèjì níná, tìráńsífọ́mà kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Kò pẹ́ tí ohùn kan fi jáde láti inú òkùnkùn: “Bọ̀ọ̀dá oníná, ẹ dákun, ẹ wá bá wa yí fésì!”

“Yí fésì.” Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ti gbọ́njú tí kò gbọ́ ọ rí. Ó ti di ọ̀rọ̀ ilé, bíi gaàrí àti ṣúgà. Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ fésì kàn jù ládùúgbò kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú ni Ìbẹfún wà, ní ilẹ̀ tí gaàrí ti sọ di olókìkí: gaàrí Ìjẹ̀bú, tó kúnná, tó kan, tó máa ń wú nínú omi tútù. Kí gaàrí tó di gaàrí, ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ irin tó ń yí. Àwọn kan ń fi dísù yí irin náà, àwọn kan ń fi pẹtiróòlù, ẹni tó bá sì rí iná tó ṣeé gbọ́kàn lé á fi mọ́tò yí i. Mọ́tò tí à ń sọ yìí kì í ṣe ti ojú títì o. Iná ni èyí ń jẹ, ojú kan ló sì ń gbé. Nígbà tí àdúgbò bá ń yí fésì nítorí fáànù, mọ́tò yẹn ló sábà máa ń jìyà ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka waya. Lórí àwọn òpó gíga tí gbogbo wa ń pè ní háítẹ́ṣàn, mẹ́ta ni waya tó ń gbé iná. Lórí òpó tó wọ àdúgbò, tí wọ́n ti ń fa waya wọlé, mẹ́rin ni. Mẹ́ta nínú wọn ni fésì, àwọn oníná sì ń fi àwọ̀ pè wọ́n: pupa, yẹ́lò, búlúù. Ìkẹrin, tí àwọ̀ tirẹ̀ jẹ́ dúdú, ni níútírà. Ilé tó ń lo iná díẹ̀ kì í gbà ju waya méjì lọ: fésì kan, níútírà kan. Bí iná bá kúrò lórí pupa nìkan, gbogbo ilé tí wọ́n so mọ́ pupa bọ́ sókùnkùn nìyẹn, àwọn ti yẹ́lò àti ti búlúù á sì máa jẹ ayé wọn lọ. Ohun tó ya ilé ọ̀tún sọ́tọ̀ lára ilé òsì kò ju waya kan ṣoṣo lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ waya dà nílùú Ọba. Búlúù tí í ṣe fésì lọ́dọ̀ wa ti di níútírà lọ́dọ̀ wọn. Dúdú tí í ṣe níútírà lọ́dọ̀ wa ti di fésì. Oníná tó bá ṣí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láìrántí èyí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ikú kiri.

Iná náà ti rin ìrìn àjò kó tó dé òpó yẹn. Ní ibùdó Egbin, lẹ́bàá ọ̀sà nítòsí Ìkòròdú, ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹ́gáwọ́ọ̀tì 220. Iná ibẹ̀, ti Kainji, àti ti àwọn ibùdó yòókù jọ ń dà sínú agbada kan náà ni, lórí waya fóltì 330,000. Wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 132,000. Ibùdó TCN, àwọn tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú, tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde á tún rẹ̀ ẹ́ sí 33,000, iléeṣẹ́ IBEDC á sì gbà á láti máa pín in. Ní ọ̀pọ̀ ibi, yóò tún di 11,000 kí tìráńsífọ́mà àdúgbò tó sọ ọ́ di 415. Orúkọ àwọn tó ń bá wa dá òwò iná ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá NEPA sílẹ̀ ní 1972: ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì pín in fún àwọn aládàáni ní 2013. Àwọn ọmọdé kò gbọ́. NẸ́PÀ náà ni wọ́n ṣì ń kí káàbọ̀.

Láti Egbin títí dé ẹnu tìráńsífọ́mà, fóltì ń yí, iléeṣẹ́ ń yí, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni fésì náà. Kí ló dé tí kì í ṣe méjì, tí kì í ṣe márùn-ún?

Ọ̀rọ̀ odó ni. Ìjẹ̀bú kì í ṣe Èkìtì, ìkọ́kọrẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu ju iyán lọ, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí kò mọ bí èèyàn mẹ́ta ṣe ń gún odó kan. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ló ń gún un, ọmọ odó á lọ sókè, á wá sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá wà lókè, ńṣe ni odó ń sinmi. Bí wọ́n bá di mẹ́ta, tí ọwọ́ wọn sì mọ̀ ọ́n, ti ẹnìkan ń balẹ̀, ti ìkejì ń bọ̀, ti ìkẹta ń gòkè. Odó kò sinmi mọ́, kò sì sí ẹni tó ń ṣe ju agbára rẹ̀ lọ.

Inú ẹ̀rọ amúnáwá náà nìyẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan ń yí láàárín kọ́ìlì mẹ́ta tí wọ́n tò yí i ká, tí àlàfo wọn dọ́gba. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń kọjá níwájú kọ́ìlì kan ni iná ń ru nínú rẹ̀, tó sì ń rọ̀. Ìgbà 50 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà. Kọ́ìlì kejì ń tẹ̀lé èkínní pẹ̀lú ìdá kan nínú 150 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀kẹta sì ń tẹ̀lé èkejì bákan náà. Fésì, nígbà náà, kì í ṣe oríṣi iná kan; àsìkò ni. Pupa, yẹ́lò àti búlúù jẹ́ iná kan náà tó ń dé ní àsìkò mẹ́ta.

Àwọn tó ń ra waya mọ àǹfààní mìíràn níbẹ̀. Bí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń ru ẹrù dọ́gba, ohun tó ń lọ nínú ọ̀kan tàbí méjì nígbàkígbà ni ó ń padà bọ̀ nínú èyí tó kù. Bí a bá rò wọ́n pọ̀, òfo ni. Kò sí ìdí láti fa waya tí yóò dá iná padà, ohun tó fi jẹ́ pé waya mẹ́ta tó háítẹ́ṣàn, kò nílò mẹ́fà. Ní àdúgbò ẹ̀wẹ̀, ẹrù kì í dọ́gba: ilé kan ń lọ aṣọ, èkejì kò tan ju gílóòbù kan lọ. Waya kẹrin wà kó lè máa gbé ìyàtọ̀ àárín wọn padà sí tìráńsífọ́mà.

A dé ibi tí ìṣirò ti ń da ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ láàmú. Láàárín fésì kan àti níútírà, fóltì 240 ni. Ó yẹ kí àárín fésì méjì jẹ́ 480, àbí? Rárá. 415 ni.

Ẹ fojú inú wo oríta mẹ́ta. Ọ̀nà mẹ́ta ya níbẹ̀, àlàfo wọn dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn ní ìṣísẹ̀ 240 kó tó kan abúlé. Ẹni tó bá kúrò ní abúlé kan, tó gba oríta kọjá sí abúlé kejì, yóò rin 480. Ẹyẹ tó bá fò gba orí igbó kọjá tààrà kò ní fò ju bíi 415 lọ. Nítorí pé àsìkò fésì kò bára mu, ìrìn ẹyẹ ni fóltì ń rìn láàárín wọn. Oríta ni níútírà. Abúlé mẹ́ta ni fésì mẹ́ta. Ẹ sọ 240 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.732, ẹ ó bá 415 níbẹ̀. Ní Yúróòpù, 230 àti 400 ni wọ́n ń kọ báyìí. Oríta kan náà ni, ọ̀nà rẹ̀ ló fi díẹ̀ kúrú.

Nítorí náà, kò sí “iná 415” kan tó yàtọ̀ sí “iná 240”. Iná kan ni, ibi tí èèyàn dúró sí wọ̀n ọ́n ni kò dọ́gba. Ìbéèrè tó yẹ kí onímọ́tò máa bi oníná kò sì ju èyí lọ: kọ́ìlì inú mọ́tò yìí, ṣé abúlé sí oríta lẹ so ó sí ni, àbí abúlé sí abúlé?

Àwọn tó kọ́kọ́ ronú kan iná tí àsìkò rẹ̀ kò bára mu yìí kì í ṣe ẹnìkan. Galileo Ferraris ní ìlú Turin, ní Ítálì, àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi han ayé ní 1888 pé iná tí àsìkò rẹ̀ kò bára mu lè mú irin yí fúnra rẹ̀. Fésì méjì ni àwọn fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ará Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ AEG ní Jámánì, sọ ọ́ di mẹ́ta. Ní 1891 wọ́n gbé iná onífésì mẹ́ta láti Lauffen dé Frankfurt, kìlómítà 175, ìrìn tó jìn ju Èkó sí Ìbàdàn lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára náà ló dé láìṣòfò, ó tan gílóòbù ẹgbẹ̀rún kan níbi ìpàtẹ tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ó sì yí mọ́tò kan tó ń fa omi gòkè kó lè máa ya sílẹ̀ fún àwọn òǹwòran. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1896, Èkó rí iná mànàmáná fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn rí kò jìnnà sí wa, fáànù inú ilé ń fi í hàn. Gbogbo wa la ti rí fáànù àjà tí wọ́n tàn, tó ń kùn “ùùùn”, tí kò yí, títí ẹnìkan fi fi igi ìgbálẹ̀ tì í. Fésì kan ṣoṣo ni fáànù ń lò, fésì kan kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: ńṣe ló ń fa irin síwá sẹ́yìn lójú kan. Kàpásítọ̀ kékeré tó wà lórí fáànù ló ń jí àsìkò kejì dá sílẹ̀ kó lè ní ibi tó ń kọjú sí. Bí kàpásítọ̀ bá ti kú, igi ìgbálẹ̀ di kàpásítọ̀ nìyẹn. Fésì mẹ́ta kò nílò ìtìpá kankan. Pupa fa irin, yẹ́lò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, búlúù gbà á lọ́wọ́ yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì ń yí ká inú mọ́tò, tí irin àárín sì ń sáré tẹ̀lé e. Kì í bá a dé o. Nínú mọ́tò tí wọ́n kọ 1,440 sí lára, agbára náà ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. 60 tó kù yẹn ni irin náà fi ń rẹ̀yìn. Bó bá bá a dé pẹ́nrẹ́n, kò ní sí ohun tí yóò máa fà á mọ́.

Àpótí kékeré kan wà lára mọ́tò, ìdérí wà lórí rẹ̀. Ẹ pa iná, kí ẹ fi sípánà tú u. Bóòtù mẹ́fà ló wà níbẹ̀ ní ìlà méjì. Wọ́n kọ U1, V1, W1 sí ìlà kan. W2, U2, V2 sí èkejì. Orí àti ìdí kọ́ìlì mẹ́ta ni wọ́n: U1 ni orí kọ́ìlì kìíní, U2 ni ìdí rẹ̀. Idẹ pẹlẹbẹ mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí gígùn wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Bí a bá tẹ́ idẹ wọ̀nyí gbalaja sórí W2, U2 àti V2, ìdí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so pọ̀. Oríta ti wà nínú mọ́tò nìyẹn, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan á sì máa gba 240. Ìràwọ̀ ni orúkọ ìsopọ̀ yìí. Sítáà ni àwọn oníná ń pè é. Bí a bá gbé idẹ dúró lóòró, U1 mọ́ W2, V1 mọ́ U2, W1 mọ́ V2, oríta pòórá. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan di ọ̀nà láti abúlé sí abúlé, 415 ló sì ń gbà. Dẹ́tà nìyẹn. Idẹ mẹ́ta náà ni, bóòtù mẹ́fà náà ni, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti pa á dà, òun náà ló sì ń pa mọ́tò.

Irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ti sọ èyí tó tọ́, bí omi ẹ̀gẹ́ àti gíríìsì kò bá tíì bò ó mọ́lẹ̀. Lórí mọ́tò kékeré, tó fi dé bíi kílówọ́ọ̀tì mẹ́ta, ohun tí ẹ sábà máa bá níbẹ̀ ni 230/400 tàbí 220/380. Lórí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, 400/690 tàbí 380/660. Ẹ mú nọ́ńbà tó kéré nínú méjèèjì: ìwọ̀n tí kọ́ìlì kan lè jẹ nìyẹn. Mọ́tò 230/400 kò gbọdọ̀ jẹ ju 240 wa lọ, sítáà ni tirẹ̀. Mọ́tò 400/690 lè gba 415 sínú kọ́ìlì kan, dẹ́tà ni tirẹ̀.

Ẹni tó bá so 230/400 ní dẹ́tà ti fún kọ́ìlì ní oúnjẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ikùn rẹ̀ gbà. Kì í pẹ́. Èéfín á yọ, òórùn fáníìṣì tó jóná á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àṣìṣe kejì ń fi ọgbọ́n pani. Ẹni tó so 400/690 ní sítáà á rí i pé mọ́tò náà yí, ó tutù, kò pariwo. Ó di ìgbà tí wọ́n bá da ẹ̀gẹ́ lé e kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló ń lò. Ó ń fà, kò lè fà, ó ń gbóná, lọ́jọ́ kẹta ó kú, wọ́n á sì sọ pé iná kò dára.

Àwọn tó ṣe mọ́tò ńlá ní 400/690 kò ṣàdédé ṣe é. Mọ́tò tó ń gbéra láti ojú kan máa ń fa kọ́rẹ́ǹtì tó tó ìlọ́po mẹ́fà sí méje èyí tó ń lò bó bá ti gbónára. Mọ́tò ẹṣin mẹ́wàá, tí í ṣe kílówọ́ọ̀tì 7.5, ń lo bíi áńpù 14 lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ń gbéra, ó lè sún mọ́ 90, gílóòbù àwọn aládùúgbò á sì rọ̀ wìì. Sìtátà sítáà-dẹ́tà ni wọ́n fi ń tù ú lójú: á kọ́kọ́ so ó ní sítáà, kí kọ́rẹ́ǹtì ìgbéra lè dín sí ìdá kan nínú mẹ́ta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó gbọ́ “kàù!” nínú àpótí, dẹ́tà ti wọlé. Mọ́tò ẹṣin mẹ́wàá yẹn kan náà, bó bá jẹ́ fésì kan ni wọ́n ṣe é fún, yóò máa lo ju áńpù 40 lọ. Abájọ tí kò fi wọ́pọ̀ kí wọ́n fi fésì kan lọ ẹ̀gẹ́ ọjà.

Ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà dé. Ìgbà 60 ni iná tiwọn ń ru, ìgbà 50 ni tiwa. Mọ́tò tó ń yí ní 1,750 lọ́hùn-ún á máa yí ní bíi 1,450 níbí. Ìyẹn ṣeé fara mọ́. Ohun tí kò ṣeé fara mọ́ ni pé 230/460 ni wọ́n ń kọ sára tiwọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì bá tiwa mu: ìsopọ̀ méjì tí àwọn fi ń yan láàárín 230 àti 460 kì í ṣe sítáà àti dẹ́tà. Ẹni tó bá so ó ní ti 230, tó wá fi 415 wa tẹ̀ ẹ́, á kó o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wé kọ́ìlì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó ń wé kọ́ìlì yìí ni babaláwo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá gbé òkú mọ́tò wá, kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Á ṣí i, á wo ibi tó dúdú. Bí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jóná dọ́gba, ẹrù pọ̀ jù ni, tàbí wọ́n so ó ní ìsokúsọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mọ́tò sítáà, tí ìdá méjì dúdú bí èédú tí ìdá kan sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ó ti mọ̀: fésì kan lọ lẹ́nu iṣẹ́, méjì tó kù ni wọ́n jọ kú. Nínú mọ́tò dẹ́tà, òdìkejì ni, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń dúdú nítorí òun ló bọ́ sí àárín fésì méjì tó ṣẹ́ kù, tó ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù. Àwọn oníbàárà máa ń rò pé ó lo àfọ̀ṣẹ.

Bí fésì ṣe ń lọ lẹ́nu iṣẹ́ kò nira: fíúsì kan jó, waya kan já lórí òpó, bóòtù kan tú. Mọ́tò tó dúró kò ní lè gbéra lórí fésì méjì, á kàn máa kùn bíi fáànù ọjọ́sí. Èyí tó ti ń yí kò ní dúró. Níbi odó, bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta bá fi ọmọ odó sílẹ̀ lọ gbọ́ ìpè, méjì tó kù kò ní jẹ́ kí iyán tutù. Wọ́n á máa gún un, òógùn á sì máa bọ́ lára wọn. Kọ́rẹ́ǹtì inú àwọn méjì tó kù lè lọ sókè dé ìlọ́po 1.7. Ariwo ẹ̀rọ ìlọ kì í jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́ pé ohùn mọ́tò ti yí padà. Rílè kan wà tó ń ṣọ́ fésì mẹ́ta, tó sì ń já iná fúnra rẹ̀ bí ọ̀kan bá lọ. Èmíràn ń ṣọ́ ẹrù. Owó méjèèjì pọ̀ kò tó owó kọ́ìlì wíwé ẹ̀ẹ̀kan fún mọ́tò ńlá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà á yìí gbà mí gbọ́ ju bó ṣe máa gba ẹni tó ní “ẹ má wulẹ̀ rà á” gbọ́.

Kí a wá padà sọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá oníná tó ń yí fésì. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kó yọ ilé kan kúrò lára pupa tó kú, kó so ó mọ́ yẹ́lò tó wà láàyè. Ilé kan kò jẹ́ nǹkan kan. Ogójì ilé ńkọ́? Yẹ́lò á bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀. Bí pupa bá wá padà dé, àwọn ilé kì í padà síbẹ̀. Ẹni tó ti rí ibi ire kì í fẹ́ kúrò. Mọ́tò ẹ̀gẹ́ tó ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá wà lórí ààrò tí okúta rẹ̀ kan kúrú. Ká ní ó wọn fóltì àárín wọn, ó bá 415, 415 àti 385. Ó jọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣirò tí àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà ń lò sì sọ pé ooru mọ́tò á fi bíi ìdajì lé kún èyí tó yẹ kó ní. Àwọn náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má lo mọ́tò mọ́ bí àìdọ́gba náà bá ju ìdá márùn-ún lọ. Ohun tí wọ́n fi ń wé kọ́ìlì kì í gbàgbé ooru: bí ó bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì mẹ́wàá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Nípa bẹ́ẹ̀ ni fáànù ogójì ṣe ń pa mọ́tò kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé òun lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà tó burú jù lọ fún inú ilé: kí níútírà já. Gbogbo èèyàn máa ń bẹ̀rù fésì, wọn kì í ka waya dúdú sí. Bó bá já láàárín tìráńsífọ́mà àti àdúgbò, oríta á ṣí kúrò níbi tó wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ilé méjì tó wà lórí fésì méjì á wá di ìlà kan, wọ́n á jọ pín 415 láàárín ara wọn, wọn kò sì ní pín in dọ́gba. Ká ní ìyá kan ń lọ aṣọ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù oníwọ́ọ̀tì 1,000, tẹlifíṣọ̀n oníwọ́ọ̀tì 100 sì wà nílé kejì. Áyọ́ọ̀nù ìyá á gba bíi fóltì 38, kò ní gbóná. Tẹlifíṣọ̀n á gba bíi 377. Ìyá á ní iná kò lágbára. Aládùúgbò rẹ̀ á máa pariwo iná tó lágbára jù. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, ní ìṣẹ́jú kan náà, lórí òpó kan náà. Bí gílóòbù bá ń tàn kọjá ààlà nínú ilé kan tí ti ilé kejì sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí wọ́n yára já súwíìṣì àgbà iná ilé sílẹ̀, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan waya kankan.

Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti tún òpó ṣe tán, oníbàárà àkọ́kọ́ lè gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ dé ní òwúrọ̀, kí ẹ̀rọ máa yí sódì, kí ẹ̀gẹ́ máa ta padà sí i lójú dípò kó bọ́ sílẹ̀. Wọn kò ba nǹkan kan jẹ́. Waya méjì ló gba ipò ara wọn nígbà tí wọ́n ń so wọ́n padà, bí ìgbà tí méjì nínú àwọn tó ń gún odó bá pààrọ̀ ìdúró: ìlù tó ń ti ọ̀tún lọ sósì ti ń ti òsì bọ̀ sọ́tùn-ún. Olùṣe ẹ̀rọ á já iná, á tú fésì pupa àti yẹ́lò lẹ́nu sìtátà, á fi èkínní sí ipò èkejì, á fún bóòtù méjèèjì le. Bó bá tún tẹ bọ́tìnì, ẹ̀gẹ́ á máa bọ́ sínú ọpọ́n níbi tó ti ń bọ́ sí tẹ́lẹ̀.